Ọkọ̀ Tó Ṣí Lásìkò

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé èèyàn àti ẹrù láti erékùṣù wa lọ sí ìlú ńlá tó wà lódìkejì omi, ọkọ̀ náà kì í sì í ṣí àfi tó bá kún. Kò sí òfin kankan tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí a ti gbọ́njú, kò sì sí ẹni tó béèrè pé ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èèyàn yóò dé èbúté ní kùtùkùtù, yóò sọ ẹrù kalẹ̀ lórí pákó, yóò jókòó tì í, yóò sì máa wo ojú awakọ̀. Awakọ̀ yìí ni gbogbo wa ń pè ní Ó-Ku-Méjì, nítorí pé ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá bi í pé nígbà wo ni a ó lọ, èsì kan náà ni yóò fún un: “Ó ku èèyàn méjì péré.” Àga lè ṣófo láti iwájú ọkọ̀ títí dé ìdí ẹ́ńjìnnì, èèyàn méjì náà ni yóò ṣì kù. Oòrùn lè kúrò níwájú wa kó bọ́ sí àtàrí wa, iye yẹn kò ní yí padà.

Ẹja kò gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀. Ẹja tí wọ́n kó ti ojú òkun dé ní ìdájí yóò wà nínú agbọ̀n lórí èbúté, yìnyín orí rẹ̀ yóò máa yọ́, omi rẹ̀ yóò máa kán láàárín pákó padà sínú òkun, ojú ẹja náà yóò sì máa dì bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Nígbà tí èèyàn méjì náà bá fi máa yọjú, ọjà òdìkejì ti ń tú, àwọn oníbàárà tó kù níbẹ̀ sì ti mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ni ọ̀rọ̀ wà.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ló ni ilé yìnyín. Kí ó tó dé, iyọ̀ àti èéfín nìkan ni erékùṣù wa fi ń tọ́jú ẹja. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nínú ilé òtútù kan lódìkejì, ohun tó sì kó bọ̀ nígbà tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe àga, ẹ̀rọ yìnyín àlòkù kan ni, èyí tó ga ju ilẹ̀kùn lọ, tí wọ́n ní láti fọ́ ògiri kí wọ́n tó lè gbé e wọlé. Ó kọ́ tábìlì onísìmẹ́ńtì sí iwájú rẹ̀, ó gba àwọn obìnrin tí wọn kò ní ọkọ̀ ìpẹja ṣiṣẹ́, ó ra bàtà rọ́bà fún wọn, wọ́n sì ń ha ìpẹ́ ẹja níbẹ̀ lójoojúmọ́, omi ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ọ̀rọ̀ sì ń ṣàn lẹ́nu wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Màmá Yìnyín. Wọ́n tún máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ náà ni àkọ́bí rẹ̀, nítorí pé bó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, Màmá Yìnyín á ti sáré dìde nídìí oúnjẹ.

Ilé ìtura ńlá kan lódìkejì ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja rẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ rí epo mu. Àdéhùn wọn kò le: kí ẹja dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ ọ̀sán. Àmọ́ ọkọ̀ Ó-Ku-Méjì kò mọ oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́yìn tí ẹja pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, tó tún pẹ́ dé, olórí ilé ìdáná wọn ránṣẹ́ pé òun mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, àmọ́ bí kò bá sí àyípadà kí ọdún tó parí, ibòmíràn ni àwọn yóò ti máa rà á. Àǹtí mi mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nínú gbólóhùn kan nígbà tó ń nu ọwọ́ rẹ̀: “Bí wọ́n bá lọ, ẹ̀rọ dákẹ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, àwọn obìnrin yìí á padà sídìí iyọ̀.”

Kánsù ló ni ọkọ̀ náà, nítorí náà ó lọ bá Alága. Mo bá a lọ. Fáànù kan ń yí lókè láìfẹ́ atẹ́gùn kankan, àga tuntun ńlá kan sì wà lẹ́yìn tábìlì tí wọn kò tíì bó ọ̀rá ilé ìtajà kúrò lára rẹ̀. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni Alága. Kì í pariwo, kì í bú èèyàn, kì í sì í gbàgbé orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni.

“Alága, ẹ ò ní ná kọ́bọ̀ kan sí i,” ni Àǹtí mi wí. “Ẹ sáà sọ fún Ó-Ku-Méjì pé kó máa ṣí ọkọ̀ ní aago méje.”

“Àbúrò mi, bó bá lọ lófìfo ńkọ́?”

“Torí pé kì í lọ lásìkò ni kì í fi í tètè kún. Tí àwọn èèyàn bá mọ̀ pé ó ń lọ ní tòótọ́, wọ́n á wá lásìkò.”

“Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lọkùnrin yẹn, ẹ sì mọ̀ pé a kì í pàṣẹ fún àna. Àbí ẹ̀yin fẹ́ wá jókòó síbí kẹ́ ẹ máa pàṣẹ fún un?”

Àǹtí mi wo àga náà, ó wo ọ̀rá ara rẹ̀. “Ó dáa,” ó ní. “Mà á wá jókòó.”

Alága rẹ́rìn-ín débi tó fi ní láti nu ojú. Ó tún ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a jáde. Kò tíì yé e pé obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré.

Báyìí ni oníyìnyín ṣe di olùdíje fún ipò Alága. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé ni, n kò tíì rí iṣẹ́, ó sì ní kí n wá máa kọ ọ̀rọ̀ tí òun yóò máa sọ fún àwọn èèyàn. Mo kọ ojú ewé mélòó kan nípa ètò ọrọ̀ ajé erékùṣù. Ó kà á dé ìlà kẹta, ó dá a padà fún mi, ó ní kí n gé e kù sí ohun tí ẹni tó ń ha ẹja lè gbọ́ láìgbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù nìyí, òun náà ló sì ń sọ káàkiri láti ojúlé dé ojúlé: “Bí mo bá wọlé, ọkọ̀ yóò ṣí ní aago méje, kún ni o, ṣófo ni o.”

Ọ̀rọ̀ náà ràn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kí ara wọn: ẹnì kan á ní “Kún ni o,” èkejì á ní “Ṣófo ni o.” Nígbà tí wọ́n kó àwọn olùdíje jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, Alága ṣèlérí afárá gígùn kan tí yóò so wá mọ́ ìlú ńlá, àti iná mànàmáná tí kì í lọ. Obìnrin kan dìde lẹ́yìn. Òun ni olórí àwọn tó ń ha ẹja, Ọ̀bẹ ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti nítorí ẹnu rẹ̀.

“Alága,” ó ní, “ẹ ṣé, ẹ kú ìnáwó afárá. Àmọ́ kí ẹ tó mọ ọ́n tán, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ lè máa lọ?”

Gbogbo gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín. Alága náà rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ bí mo ṣe ń wò ó, ó gbé ojú sókè, ó wo ibi tí Ó-Ku-Méjì dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wò ó pẹ́.

Ìdìbò ku ọ̀la. Ní ìrọ̀lẹ́, mọ́tò kánsù ń lọ láti òpópónà kan sí èkejì pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí. Ọ̀la yìí kan náà ni ọjà ńlá òdìkejì bọ́ sí. Ohùn inú gbohùngbohùn ní Alága ti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ìyá rẹ̀. Ó ní ọ̀la, ọkọ̀ yóò ṣí ní aago méje gan-an, ọ̀fẹ́ ni yóò gbé ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹja, yóò sì padà dé lọ́sàn-án kí gbogbo wọn lè ráyè dìbò.

Kí mọ́tò náà tó yí kọ́nà, àwọn obìnrin ti kún iwájú ilé yìnyín. Inú wọn dùn bí ẹni tó ti ṣẹ́gun.

“Ẹ̀rù ti bà á,” ni Ọ̀bẹ wí. “Màmá Yìnyín, ẹ ò tíì wọlé, ọkọ̀ ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹ fún wa ní yìnyín, ẹja wa pọ̀.”

Ìyá mi náà wà láàárín wọn, agbọ̀n rẹ̀ lórí. Mo fa Àǹtí mi sẹ́yìn ẹ̀rọ.

“Àǹtí, ẹ má fún wọn.”

“Nítorí kí ni?”

“Àwọn tó fẹ́ dìbò fún yín ni àwọn tó ní ẹja. Àwọn yẹn gan-an ni Alága fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ lọ́la.”

“Wọ́n máa padà dé lọ́sàn-án. A jọ gbọ́ ọ ni.”

“Ta ló máa wa ọkọ̀ náà padà?”

Ọ̀bẹ ti tẹ̀ lé wa wọlé, ó gbọ́ ìyẹn. “Akọ̀wé,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí, “ilé ìwé ti kọ́ ẹ ní ìfura ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ṣé ó lè gbé ojú rẹ̀ pamọ́ ni? A máa ta ẹja, a máa padà dé, a máa tò, òórùn ẹja á ṣì wà lára ìka wa nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Àwọn tó máa ka ìbò ni kó bo imú.”

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín. Mo kọjú sí ìyá mi.

“Ẹ̀yin náà ń lọ, Màámi? Àbúrò yín ló ń díje.”

“Mo mọ àbúrò mi kí ìwọ tó mọ̀ ọ́n,” ni ìyá mi fèsì. “Ẹja mi ńkọ́? Ṣé kí n fi ìwé ìbò bò ó kó má bàa bàjẹ́ ni?”

Àǹtí mi dúró, ó gbé ọwọ́ lé ara ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń rò ó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò dà bí ẹni tó ń bá mi jiyàn.

“Láti ìgbà yìí wá ni mo ti ń pariwo pé kí ẹja wọn dé ọjà lásìkò. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá fẹ́ lọ, kí èmi ti ilẹ̀kùn mọ́ yìnyín? Kí ni mo wá fi sàn ju Alága lọ?”

Lẹ́yìn náà ló fi kún un, bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì: “Ẹja ilé ìtura náà wà nílẹ̀. Bó bá dé lásìkò lọ́la, wọn ò ní lọ mọ́.”

N kò sọ pé ọkàn rere nìkan ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Oníṣòwò ni, ó rí ọkọ̀ tó ń lọ lásìkò. Ó ṣí i, ó mú ṣọ́bìrì, òun fúnra rẹ̀ ló sì bu yìnyín sínú agbọ̀n gbogbo wọn, bẹ̀rẹ̀ láti orí ti ìyá mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ó-Ku-Méjì wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago méje lù, ó fọn fèrè, ó sì tú okùn. Àga ṣì ṣófo lẹ́yìn. N kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Bàbá àgbà kan tó ń ta àwọ̀n ń sáré bọ̀ láti orí òkè, ó ń ju ọwọ́, ó ń ké pé, “Ẹ dúró o, ó ku èèyàn méjì.” Ọkọ̀ kò dúró. Ẹ̀rín àwọn obìnrin náà dé etí mi lórí omi. Ọ̀bẹ na ìka rẹ̀ sókè sí mi, ìka tí yóò fi dìbò, ó ń mì ín bí àsíá.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe ibùdó ìdìbò. Àwọn tó tò síwájú wọn kò ṣòro láti mọ̀: àwọn òṣìṣẹ́ kánsù, àwọn mọ̀lẹ́bí òṣìṣẹ́ kánsù, àwọn arúgbó tí wọ́n fi mọ́tò gbohùngbohùn gbé wá, tí wọ́n sì fún ní omi mu. Àǹtí mi dìbò tirẹ̀, ó wá dúró lábẹ́ igi níta, níbi tí òfin gbà kí olùdíje dúró sí. Bí oòrùn ṣe ń ga, ó ń kọjú sí ọ̀nà èbúté.

Ọ̀sán pọ́n. Mo lọ sí èbúté, kò sí nǹkan kan lójú omi. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ariwo ọjà kún ẹ̀yìn ohùn rẹ̀.

“A ti tà tán,” ó ní. “Irú ọjà yìí, mi ò rí i rí. Ilé ìtura ti gba tàbúrò mi, olórí ilé ìdáná ní kí n kí i. A ti wà nínú ọkọ̀.”

“Kí ló wá ń dá yín dúró?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó ní ó ku èèyàn méjì.”

Mo ní kí wọ́n wá ẹni méjì kan wọlé. Ó ní àwọn ti ń wá. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀ lórí pákó náà, mo tún pè é. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“A ti pe èèyàn mẹ́rin wọlé,” ó ní. “Ó ní ó ṣì ku méjì.”

“Màámi, ẹ bá a jà. Ẹ pọ̀ tó láti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bẹ Ó-Ku-Méjì, “Ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú wa,” ohùn tí a fi ń bẹ ẹni tó ní ohun tó ń fúnni. Ọ̀bẹ ni, Ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣómúṣómú.

“Ta ló fẹ́ bá a jà?” ni ìyá mi wí fún mi ní ohùn kẹ́lẹ́. “Òun náà ló máa gbé wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ohun tí mo gbé lọ́kàn láti ọjọ́ náà nìyẹn. Kì í ṣe pé ọkùnrin kan dá wọn dúró. Irú rẹ̀ kún ayé. Ọkọ̀ náà ti fi hàn wọ́n láàárọ̀, lójú gbogbo wọn, pé òun lè lọ pẹ̀lú àga òfìfo. Síbẹ̀, nígbà tí ọkùnrin kan wo ojú wọn tó ní ó ku méjì, àṣà tó ti bá wọn dàgbà dìde nínú wọn, wọ́n sì jókòó. Wọ́n gbé agbọ̀n òfìfo sí ẹsẹ̀, wọ́n ń wo ojú awakọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ náà fi gúnlẹ̀, oòrùn ti ń rọ̀. Wọ́n ń sáré gòkè, aṣọ wọn tutù títí dé orúnkún, Ọ̀bẹ ló ṣáájú. Ọ̀gá àwọn elétò ìdìbò ń lẹ bébà mọ́ ẹnu àpótí.

“Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá wa,” ó ní. “A ti tì í.”

Ọ̀bẹ wo ìka rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìwé. Alága ló wá bá wọn níbẹ̀, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ọmọ wọn.

“Ẹ kú ọjà o. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ dá yín dúró díẹ̀. Mà á bá a wí. Ṣé ó tà?”

Mo dúró kí n gbọ́ ohun tí wọn yóò fi dá a lóhùn. Mo rò pé ẹnì kan yóò tutọ́ sílẹ̀, ó kéré tán.

“Ó tà, Alága,” ni wọ́n wí. “A dúpẹ́.”

Ìyá mi wà lára àwọn tó dúpẹ́.

Wọ́n lẹ èsì mọ́ pátákó ilé ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí Alága fi ju Àǹtí mi lọ kò tó iye àwọn obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ yẹn. Àǹtí mi kà á, ó tún un kà bí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ẹrù, ó sì yíjú lọ sílé.

A bá a nínú yàrá rẹ̀, èmi àti ìyá mi. Ìyá mi fa àpò kan yọ nínú agbọ̀n rẹ̀. Gèlè ni, aláwọ̀ búlúù, tó mọ́lẹ̀ bí omi òwúrọ̀.

“Mo rà á fún ẹ lọ́jà,” ó ní. “Mo ní wàá wé e lọ́jọ́ ìbúra.”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Àǹtí mi wò mí, mo sì pa ẹnu dé. Ó gba gèlè náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dára gan-an.”

“O ò bínú sí mi?”

“Mo ti bínú tán. Ṣé ẹ ti jẹun?”

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà náà. Èmi kò bá a sunkún. Mo jáde síta, mo lọ jókòó sí ìdí tábìlì onísìmẹ́ńtì. Mo bínú sí gbogbo wọn, títí kan ẹni tó ń tu ẹni tó dà á nínú.

Ọjà tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tún dúró títí oòrùn fi dé àtàrí. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó, ẹnì kan ní “Kún ni o,” kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọdún parí. Olórí ilé ìdáná náà kò fa ọ̀rọ̀ gùn, ó sáà dáwọ́ rírà ẹja dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni Àǹtí mi pa jẹnẹrétọ̀, ó gbọ́n epo tó kù jáde nínú rẹ̀, ó sì wá ẹni tó fẹ́ ẹ̀rọ náà lódìkejì. Ilé òtútù kan níbẹ̀ gba ẹ̀rọ, ó sì gba òun náà sí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń lọ kiri ni pé Màmá Yìnyín ń bínú ìbò. Wọ́n ní ó fẹ́ fìyà jẹ àwọn. Ọ̀bẹ ló gbé e wá bá a ní tààrà, nígbà tí àwọn ọkùnrin ń fọ́ ògiri láti gbé ẹ̀rọ náà jáde.

“Màmá Yìnyín, ṣé torí pé a ò ráyè dìbò fún yín lẹ ṣe ń fi wá sílẹ̀?”

“Rárá o,” ni Àǹtí mi wí. “Torí pé ọkọ̀ kì í ṣí ni.”

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé èbúté ní kùtùkùtù ọjọ́ ọjà. Omi ṣì ń kán láti ẹnu páìpù rẹ̀, Àǹtí mi bá tú gèlè búlúù náà kúrò nínú ẹrù rẹ̀, ó fi di ẹnu páìpù náà pinpin. Ìyá mi rí i. Ọkùnrin mélòó kan kọ́wọ́ tì í, wọ́n tì í wọnú ọkọ̀, ó gba gbogbo àárín, wọ́n sì ní láti yọ àga lẹ́yìn kí ó tó lè jókòó dáadáa. Ọkọ̀ náà rì sísàlẹ̀ díẹ̀. Àǹtí mi wọlé, ó jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e bó ṣe máa ń ṣe.

Àwọn obìnrin ti tò sí èbúté pẹ̀lú agbọ̀n ẹja wọn, láìsí yìnyín lórí rẹ̀, wọ́n ń dúró kí Ó-Ku-Méjì sọ ohun tó máa ń sọ. Ó yọ ojú síta, ó wo ibi tí omi dé lára ọkọ̀, ó mi orí.

“Ó ti kún,” ó ní.

Ó fọn fèrè, ó tú okùn, wọ́n sì lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wo aago fóònù rẹ̀. “Aago méje gan-an,” ó ní. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Ẹ ò rí i pé Alága ti ń tún un ṣe.”

Kò sẹ́ni tó já a nírọ́. Ìyá mi ti gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó ri àpò kan bọ inú òkun, ó fún omi ara rẹ̀ dànù, ó sì tẹ́ ẹ bo ẹja náà. Lẹ́yìn náà ló jókòó tì í, ó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ yóò gbà padà wá.